Yèyé Alásẹ́ àti Ẹja Kan Tó Kù

Ẹ má bi mí léèrè ọdún tí a bí Yèyé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lórí káàdì wọn, ìjọba kọ ọdún kan síbẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣíwájú rẹ̀ tó ń wí pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Káàdì yẹn bí Yèyé nínú títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọ́n máa ń ní, "Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ dákẹ́. Èmi mọ̀ pé a bí mi."

Èmi ni ọmọ ọmọ tó bá wọn gbé kẹ́yìn, nínú ilé wọn ní Ṣábẹ, lábẹ́ àwọn òkè àpáta wa. Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní kọlẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, Màdáámù ni mò ń jẹ́. Ó di oṣù keje báyìí tí mi ò gbọ́ orúkọ yẹn sétí, ó sì ń dùn mí dé egungun. Àwọn èèyàn ní Yèyé ti dàgbà, ọjọ́ ogbó ni wọ́n lọ, kí n má sunkún mọ́. Mo gbọ́. Ẹkún ni kò gbọ́.

Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Yèyé Alásẹ́, nítorí pé kò sí omi tó ń wọlé wọn tí kì í gba inú aṣọ kọjá. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan ni, tí ojú rẹ̀ dí dáadáa. Wọ́n á ta á sẹ́nu ìkòkò, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ọrùn ìkòkò, wọ́n á wá máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá sẹ́ omi tán, wọ́n á fi jafẹ́ẹ̀lì, omi olóòórùn líle tí a fi ń fọ aṣọ funfun, fọ asẹ́ náà. Wọ́n á ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sá a sóòrùn. Wọ́n ṣe é nígbà tó jẹ́ omi adágún là ń mu. Wọ́n ṣe é nígbà tí kànga dé. Nígbà tí róbínẹ̀, ẹ̀rọ omi ìjọba, wọ àgbàlá wa, Yèyé ta aṣọ sẹ́nu róbínẹ̀. Ọkùnrin tó wá so irin omi náà ní, "Yèyé, omi yìí ti mọ́ láti ibi tó ti ń bọ̀ o." Yèyé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ bá a rìn láti ibẹ̀ ni?"

Wọn kì í ṣe alárà. Ní Kábúà, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń dáko, adágún kan ṣoṣo ni gbogbo oko ń pọn mu. Nígbà tí Yèyé wà lọ́mọdé, sóbìyà mú wọn, ó sì mú àbúrò wọn obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá rí sóbìyà rí, kó máa dúpẹ́. Aràn gígùn ni, ó ń gba ẹsẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, a sì ń ká a mọ́ igi kékeré lójoojúmọ́. Ti Yèyé yọ tán. Ti àbúrò wọn já sínú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wú, ó kẹ̀, ọmọ náà kú kí wọ́n tó wa iṣu tán lóko.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn oníṣẹ́ ìlera tó gbé asẹ́ aláṣọ dé. Wọ́n ṣàlàyé pé kòkòrò tín-ín-tín kan ń bẹ nínú omi adágún, tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, òun ló ń gbé sóbìyà wọnú èèyàn. Àwọn ará oko rẹ́rìn-ín. Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Yèyé fa àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ iwájú, wọ́n ní kí àwọn àlejò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpá sóbìyà náà wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún títí a fi gbé wọn sin. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ pa á, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Omi tó mọ́ lójú, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló mọ́ nínú."

Wọ́n lè dójú ti èèyàn, ká má parọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin sọmọ lórúkọ ní àdúgbò Plátóò, àna pé jọ, gbogbo èèyàn wọṣọ tó dáa. Wọ́n gbé omi fún Yèyé. Yèyé tú ìdí aṣọ, wọ́n fa asẹ́ yọ, wọ́n ta á sẹ́nu kọ́ọ̀bù míràn, wọ́n sì ń sẹ́ omi àna lójú àna. Òógùn bo ẹ̀gbọ́n màmá mi. "Yèyé, ẹ ti dójú tì mí." Yèyé mu omi wọn tán, wọ́n nu ẹnu. "Ojú tó tì ọ́ á là lọ́la. Ẹsẹ̀ tó bá kẹ̀ ńkọ́?"

Ti Àlájà ló wá le jù. Ará Ṣakí ni Àlájà, láti Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ike àti korobá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gan-an. Lọ́jọ́ kan, Yèyé rí i pé inú àgbá tí kò ní ìdérí ni Àlájà ti ń bu omi àlùwàlá, tí wọ́n sì fi ń yọ ẹnu. Yèyé bá Àlájà wí láàárín ojúde. Àlájà ní kí obìnrin Kátólíìkì má wá kọ́ òun ní ẹ̀sìn òun. Ọ̀rọ̀ di rannto. Odindi ọdún méjì ni àwọn àgbà méjèèjì kò fi kíra. Ẹnu mi ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀: "Sọ fún obìnrin yẹn pé ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ aṣọ lórí okùn mi." Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, Yèyé á sẹ́ omi sínú ìkòkò kan, wọ́n á dé e, wọ́n á ní kí n gbé e fún Àlájà fún àlùwàlá. Àlájà á gbà á wọlé. Mo ní, "Yèyé, ṣebí ẹ̀ ń bínú?" Wọ́n ní, "Ìjà là ń jà. A ò ní kó ṣàìsàn."

Ìbínú Yèyé ni mo jogún. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù ni mi ò jogún.

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyí, mo sì ti ń sá fún un látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń lọ sí ìlú mìíràn, ó fún mi ní àpótí dígí tó fi ń sin ẹja. Ó gùn tó apá àgbàlagbà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi sókè wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Mo ní n ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gbé e sórí tábìlì kúkúrú ní pálọ̀. Yèyé yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹja la fẹ́ sìn nínú rẹ̀, Yèyé."

"Tí a ó jẹ?"

"Rárá o. Tí a ó máa wò."

"Ẹja tí a ò ní jẹ, tí a ó tún máa bọ́!" Yèyé pàtẹ́wọ́. "Àbẹ̀ní, ìwé yìí ti pọ̀ jù fún ọ. Asẹ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ti fọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí Kútọnù fún òmíràn."

"O wà nílé Yèyé Alásẹ́, o ń wá asẹ́ lọ sí Kútọnù?"

Ó tán. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Yèyé ní kí n ra ike gígùn kan ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà. Wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n rán mi lọ bu iyanrìn onírúgúdú létí odò, wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ òkè, wọ́n mú èédú nídìí ààrò tiwọn, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ ike, iyanrìn lé e, èédú lé iyanrìn, òkúta lé èédú, kànrìnkàn oníhò wá wà lókè pátápátá. Wọ́n ń tò ó bí ẹni ń di ẹrù ìyàwó. Mo so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ, mo gbé ẹnu rẹ̀ sórí ike, mo tan kúráǹ, iná mànàmáná. Ẹ̀rọ fa omi láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó dà á sórí kànrìnkàn, omi gba gbogbo rẹ̀ kọjá, ó ń kán padà sínú àpótí tó-tó-tó. Yèyé na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. "Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn.

Mi ò fi ẹja sí i kíá. Mo jẹ́ kí omi máa yí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún, mo kàn ń ju ìwọ̀n oúnjẹ ẹja bíńtín sí i. Ẹni tó ń sin ẹja mọ ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di májèlé nínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń jẹ májèlé náà, ara kànrìnkàn àti òkúta asẹ́ ni wọ́n sì ń gbé. A ní láti fún wọn láyè kí wọ́n tó pọ̀. Yèyé rí i pé kànrìnkàn ti ń ní àwọ̀ ilẹ̀, ó ń yọ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi: "Kí lẹja ń dúró dè? Kí sì ni nǹkan tó ń yọ̀ lára asẹ́ yìí?"

Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Yèyé. Kò lè yé yín."

Ẹni tó fa àpótí sún mọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera ní Kábúà, tó ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí ń bẹ nínú omi kí wọ́n tó bí mi, òun ni mo sọ ìyẹn fún.

Mo ra epìyà kékeré mẹ́sàn-án lọ́wọ́ àwọn apẹja, mo fi wọ́n sínú omi. Yèyé gbé àga wọn wá sí pálọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ la ti ń jẹun nínú àwo kan náà lálaalẹ́, ẹja ń lọ, ẹja ń bọ̀. Wọ́n ní ìró omi náà jọ ti ìkòkò wọn. Bí kúráǹ bá lọ, tí ìró náà dákẹ́, Yèyé kì í lè jókòó.

Nígbà tó yá, mo ní àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò wá wo ẹja lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Parakou. Kí ni Yèyé ṣe? Wọ́n rò ó pé àlejò ń bọ̀ wá wo omi Yèyé Alásẹ́, asẹ́ sì dọ̀tí. Lọ́jọ́ Sátidé, Yèyé tú u palẹ̀. Wọ́n fi jafẹ́ẹ̀lì fọ kànrìnkàn, wọ́n fi fọ òkúta, wọ́n ṣan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sá a sóòrùn títí ọ̀sán. Èédú tuntun, iyanrìn tuntun. Wọ́n tò ó padà bó ṣe yẹ. Kò sí asẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ṣábẹ. Wọ́n sì ti pa gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀.

Ní Ajé, mo gba kọlẹ́ẹ̀jì lọ tààrà láti Parakou. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ wọlé, ẹja mẹ́jọ ti léfòó. Ẹyọ kan ló ń mí, ó gbé ẹnu sókè omi. Yèyé ti wọ aṣọ Sọ́ńdè wọn, wọ́n ti sẹ́ omi àlejò, wọ́n sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

Mo rí kànrìnkàn, ó funfun báláú. Mo pariwo mọ́ Yèyé níwájú ọmọ mẹ́rìnlélógún. "Ẹ ti pa wọ́n! Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Ṣé gbogbo nǹkan lẹ mọ̀ ni?"

Yèyé ní, "Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí yẹn gan-an ló ń mú wọn wà láàyè!"

Yèyé kò gbóhùn sókè, àwọn tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ṣé ká ní o sọ fún mi ni, kò ní yé mi?"

Mo kó àwọn ọmọ jáde. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bu oúnjẹ tèmi lọ sí yàrá. Mò ń kí Yèyé láàárọ̀, mò ń kúnlẹ̀, mò ń ṣe gbogbo ohun tí ọmọ gidi ń ṣe, àfi kí n bá wọn jẹun. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣe é. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejì pàápàá mo ti mọ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé tó bá di Sọ́ńdè n ó kúnlẹ̀, n ó ní, "Yèyé, ẹ dárí jì mí." Sọ́ńdè mẹ́ta kọjá.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ooru ń fẹ́ bó èèyàn láwọ̀, kúráǹ lọ láàárọ̀, kò dé mọ́. Èmi wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ ń ṣèdánwò. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìró omi láti ẹnu ọ̀nà, ẹnu sì yà mí, nítorí pé kò sí kúráǹ. Yèyé ni. Wọ́n ta aṣọ asẹ́ wọn sórí igun àpótí náà, wọ́n ń fi igbá bu omi nínú rẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń dà á gba inú aṣọ padà. Ẹja kan ṣoṣo yẹn ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Iwájú bùbá wọn ti tutù dé ìdí. Apá wọn ń gbọ̀n débi pé igbá ń kan dígí.

"Ó wà láàyè," ni Yèyé wí. "Wò ó. Ó wà láàyè."

Mo gba igbá lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Yèyé." Ìyẹn nìkan. Àárẹ̀ mú mi, ìwé ìdánwò kún àpò mi. Mo bu oúnjẹ mi, mo wọ yàrá.

Mò ń kọ́ èèyàn nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ kọ èyí náà sílẹ̀: ẹja kékeré kan nínú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má kú rárá ká ní a fi í sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yèyé kò mọ̀. Mi ò sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Àlájà ló ránṣẹ́ pè mí ní kíláàsì. Ìdí okùn aṣọ ni Yèyé ṣubú sí, níbi tí wọ́n ti ń sá asẹ́. Kí n tó dé, ó ti bọ́. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀ tipẹ́. Àwọn èèyàn ní ikú ìrọ̀rùn ni. Mo fẹ́ gbá ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn obìnrin ìdílé fẹ́ wẹ Yèyé, wọ́n fa omi róbínẹ̀ sínú korobá. Mo ní àfi kí a sẹ́ ẹ. Wọ́n ní orí mi ti dàrú, òkú kì í gba sóbìyà. Mo yarí kanlẹ̀. Àlájà wọlé, wọ́n mú aṣọ asẹ́, wọ́n di etí kan mú, wọ́n na ìkejì sí mi. Àwa méjèèjì sẹ́ omi náà tán, korobá mẹ́ta, àwa méjèèjì ń sunkún sínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni Àlájà tó sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí kúráǹ lọ, wọ́n gbọ́ ìró omi láti òwúrọ̀ títí ìrun ọ̀sán, wọ́n wọlé wá wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ mú igbá yìí wá kí n gbà yín." Yèyé kò gbà. Ohun tí Yèyé sọ fún Àlájà nìyí, bí Àlájà ṣe sọ ọ́ fún mi: "Ọwọ́ mi ló pa àwọn yòókù. Bí Àbẹ̀ní bá bá èyí láàyè, bóyá á tún bá mi jẹun."

Ẹja náà ṣì wà. Ó ti tóbi, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo rí i pé omi kò fi bẹ́ẹ̀ gba inú asẹ́ mọ́, kànrìnkàn ti dí. Mo bu omi nínú àpótí náà gan-an sínú abọ́, mo fi kànrìnkàn sínú rẹ̀. Tábìlì náà kúrú, nítorí náà mo ní láti kúnlẹ̀. Mo gbé abọ́ síwájú àga Yèyé, mo sì lanu.

Mo ní, "Yèyé, ẹ wò ó. Omi tirẹ̀ náà la fi ń fọ̀ ọ́, a kì í fi jafẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹ rọra fún un, lẹ́ẹ̀mejì péré. Nǹkan tó ń yọ̀ yìí, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ló kún inú rẹ̀. Bí ti adágún Kábúà ni, ṣùgbọ́n àwọn tibí ń ṣe rere. Àwọn ló ń jẹ májèlé inú omi kí ẹja má bàa kú. Bí a bá pa wọ́n, a ti pa ẹja. Ẹ dárí jì mí, Yèyé."

Mo sọ ọ́ tán. Kò gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń bu omi mu. Ì bá yé wọn.